Dúlà tí Medicaid Ń Sanwó Rẹ̀ ní New York: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Aboyún àti Ẹbí Rẹ̀

Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Medicaid ìpínlẹ̀ New York, ìyẹn inṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ti ń sanwó dúlà fún aboyún tó bá wà lórí ètò náà. Dúlà ni ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti dúró ti aboyún kí ìrọbí tó dé, nígbà ìrọbí, àti lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wálẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn aboyún Yorùbá, àwọn ọkọ, àti àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti ilé máa ń béèrè jù.

Kí ni dúlà ń ṣe gan-an?

Kí ìrọbí tó dé, á wá bá yín nílé tàbí kó pè yín lórí fídíò. Á bá yín to ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́ sórí ìwé, á sì ṣàlàyé bí nǹkan ṣe máa ń lọ ní ọsibítù tí ẹ fẹ́ bímọ sí. Lọ́jọ́ ìrọbí, nọ́ọ̀sì ní aláìsàn míì lọ́wọ́, dókítà ń wọlé ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni dúlà bá wá. Á máa fọwọ́ tẹ ìbàdí yín nígbà tí ìrora bá ń gòkè, á máa bá yín yí ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ padà, á máa rán yín létí pé kí ẹ mumi, kí ẹ sì tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn kò kéré o. Àpò ìtọ̀ tó kún lè dí orí ọmọ lọ́nà, ó sì rọrùn láti gbàgbé, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ti gún ní epidural (abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora) tí kò mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ún. Lẹ́yìn ìbímọ, á ràn yín lọ́wọ́ lórí ọmú, oúnjẹ, oorun, àti bí ọkàn yín ṣe rí.

Ṣé agbẹ̀bí kọ́ nìyẹn?

Rárá. Agbẹ̀bí ní ìwé àṣẹ láti gbẹ̀bí. Dúlà kì í yẹ ojú ara wò, kì í gba ọmọ, kì í fúnni lóògùn tàbí àgbo, kì í sì í ṣe ìpinnu fún ẹnikẹ́ni. Tí dúlà kan bá ní òun nìkan á wá gbẹ̀bí yín nílé, ẹ wá ẹlòmíì.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Aboyún èyíkéyìí tó wà lórí Medicaid New York. Owó tó ń wọlé fún ìdílé lè tó ìdá 223 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n òṣì tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ kí aboyún ṣì yẹ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó sì rò pé owó òun ti pọ̀ jù, lè wọlé. Wọ́n ń ka ọmọ inú mọ́ ìdílé: tọkọtaya tó ń retí ọmọ kan, ẹni mẹ́ta ni lójú ìwé. Tí oyún bá parí, Medicaid náà ṣì ń bá ìyá lọ fún oṣù 12.

Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lórí NY State of Health, ojúlé inṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ pe 1-855-355-5777. Tí ẹ ò bá lè dúró, ẹ béèrè ní kíláníìkì aboyún bóyá wọ́n lè fún yín ní Medicaid onígbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ kíláníìkì ní àṣẹ láti ṣe é kí fọ́ọ̀mù ńlá tó parí.

Mi ò ní ìwé ìgbéyàwó, mi ò sì ní green card. Ṣé ó kàn mí?

Ìwé ìgbéyàwó kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní ti ìwé ìgbélùú, New York kì í tìtorí rẹ̀ lé aboyún kúrò lórí Medicaid. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni bóyá gbígba Medicaid á ba ìwé wọn jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Òfin tó kan ìyẹn yí padà ní 2019, ó tún yí ní 2022, nítorí náà ẹ má gba èsì lẹ́nu ẹni tó ń dirun fún yín. Ìlú New York ní ìlà ìmọ̀ràn òfin àṣíkiri tó jẹ́ ọ̀fẹ́, 1-800-354-0365. Ẹ pè é kí ẹ tó pinnu, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀rù pa ọjọ́ tí dókítà dá fún yín tì.

Kí gan-an ni Medicaid ń san?

Àbẹ̀wò mẹ́jọ, àti ìdúrótì kan nígbà ìrọbí àti ìbímọ. Ẹ lè lo àwọn àbẹ̀wò mẹ́jọ náà nígbàkígbà láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di oṣù 12 lẹ́yìn tí oyún bá parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú 30. Tí dúlà bá lo gbogbo rẹ̀ pé, dọ́là 1,930 ni Medicaid máa san fún un láàárín ìlú New York, dọ́là 1,500 ní ìyókù ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin kò ní san kọ́bọ̀. Dúlà tó ti forúkọ sílẹ̀ fún Medicaid kò láṣẹ láti gba àfikún lọ́wọ́ yín lórí iṣẹ́ tí Medicaid ti san, ì báà jẹ́ owó mọ́tò.

Ẹ má jẹ àbẹ̀wò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kí ọmọ tó dé. Mẹ́ta ṣáájú ìbímọ sábà máa ń tó. Ẹ fi ọ̀kan sí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ilé, ọ̀kan sí ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ sì tọ́jú méjì pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn ni ìyá àgbà máa ń ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ìgbà náà sì ni àárẹ̀ máa ń hàn.

Ṣé dókítà gbọ́dọ̀ kọ ìwé fún mi?

Kò pọn dandan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà, Dókítà James McDonald, fọwọ́ sí àṣẹ kan tó kárí gbogbo aboyún lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ yẹn ló dúró fún ìwé dókítà. Tí òṣìṣẹ́ kíláníìkì bá ní kí ẹ lọ gbàwé wá, ẹ sọ fún un pé àṣẹ gbogboogbò ti wà.

Báwo ni mo ṣe máa rí dúlà?

Ẹ kọ́kọ́ wo káàdì yín. Tó bá jẹ́ káàdì Medicaid ìpínlẹ̀ nìkan lẹ ní, dúlà èyíkéyìí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ lè tọ́jú yín. Ṣùgbọ́n tí orúkọ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì bá wà lórí káàdì kan míì tí wọ́n fún yín, bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, dúlà náà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ yẹn. Ibí yìí ni nǹkan ti máa ń dàrú jù lọ. Aboyún á rí dúlà tó dára, wọ́n á bára wọn ṣe oṣù méjì, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì á wá kọ̀ láti sanwó nítorí pé wọn ò mọ dúlà náà rí.

Nítorí náà, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn dúlà tí wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pè sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ẹ pe dúlà tó bá wù yín, ẹ bi òun náà léèrè ìbéèrè kan náà. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹ tó jókòó. Tí kò bá sí ẹnì kan nínú ìwé orúkọ wọn tó ní àyè ní oṣù tí ẹ máa bí, New York Medicaid Choice, ètò ìpínlẹ̀ tó ń bá àwọn tó wà lórí Medicaid yan ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì, 1-800-505-5678, lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24. Àwọn dúlà tó gbọ́ Yorùbá kò pọ̀, oṣù kan sí òmíràn sì ni wọ́n ń ka àwọn tí wọ́n lè gbà.

Kí ni kí n bi dúlà kí n tó gbà á?

Aboyún mélòó ló ti gbà fún oṣù tí ẹ máa bí, ta ló máa rọ́pò rẹ̀ tí ẹ̀yin méjì bá rọbí lọ́jọ́ kan náà, ṣé ó ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yín rí, ìgbà wo ló máa ń dé lẹ́yìn ìpè, ṣé á wá nígbà tí ẹ ṣì wà nílé tàbí ó di ọsibítù. Ẹ sì wo bó ṣe ń gbọ́ yín. Ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu nínú ilé yín, irú rẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́ ní yàrá ìrọbí.

Mi ò sí lórí Medicaid ńkọ́?

Tó bá jẹ́ ìlú New York lẹ ń gbé, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Citywide Doula Initiative, èyí tí ìlú dá sílẹ̀ ní 2022, tó ń fúnni ní dúlà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣáájú rẹ̀ ni ètò dúlà míì, By My Side, ti ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn láti 2010. Àwọn àdúgbò tí ìtọ́jú ìlera kò dọ́gba níbẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣáájú. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, kí ẹ béèrè dúlà.

Ní yàrá ìrọbí, ṣé òun ló máa bá dókítà sọ̀rọ̀ fún mi?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Dúlà kì í gba ẹnu yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ yín má sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Dókítà wọlé, ó ní ìrọbí ń falẹ̀, òun fẹ́ kí wọ́n fi Pitocin, oògùn tó ń mú ìrọbí yára, sínú omi tó ń wọ̀ yín lára. Dúlà tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé “a ò fẹ́.” Á kọjú sí yín, á ní: “Ṣé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan kan kí ẹ tó dáhùn?” Ẹ lè bèèrè àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, ọ̀nà míì tó wà, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá dúró fún wákàtí kan sí i. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè pé: ṣé pàjáwìrì ni? Tí ìlù ọkàn ọmọ bá ń já wálẹ̀ tí kò gòkè padà, kò sí àyè àríyànjiyàn. Tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fún ẹ̀yin àti ọkọ yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìpinnu yín padà lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ sí i.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú wa. A máa ń sọ pé “ẹ ṣeun dókítà” nígbà tí ara ń ni wá gan-an. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, kò sì síbi tí èyí ti rí bẹ́ẹ̀ tó wọ́ọ̀dù ìrọbí Amẹ́ríkà: tí nọ́ọ̀sì bá bi yín bí ìrora ṣe tó láti òdo dé mẹ́wàá, tí ẹ sì sọ mẹ́rin nítorí ìtìjú, mẹ́rin ló máa kọ, mẹ́rin náà ló máa tọ́jú. Ẹ sọ iye tó jẹ́.

Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tí wọn ò ka á sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ yín pé ẹ béèrè, wọ́n sì kọ̀ láti ṣe é. Gbólóhùn yẹn nìkan máa ń mú kí wọ́n tún un rò. Tí kò bá tó, ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù lákòókò yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn nínú ọsibítù. Ẹjọ́ tó bá kọjá ti ọsibítù ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ lórí 1-800-804-5447.

Gẹ̀ẹ́sì mi kò jinlẹ̀. Ṣé dúlà tó gbọ́ Yorùbá lè máa túmọ̀ fún mi?

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó lè túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, oògùn, àti ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí, rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ọsibítù tó ń gba owó ìjọba pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lójúkojú tàbí lórí fóònù. Kì í ṣe ọmọ yín ọdún méjìlá ni wọ́n yẹ kó lò. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ rí i dájú pé “Yoruba” ni wọ́n kọ síbi èdè. Tí wọ́n bá kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ nítorí pé ẹ kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa pe ògbufọ̀ ní aago mẹ́ta òru.

Ọsibítù ní ẹni méjì péré ló lè wọlé. Ṣé dúlà wà nínú wọn?

Ọsibítù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, àwọn míì ń ka dúlà mọ́ àlejò. Ẹ pe wọ́ọ̀dù ìrọbí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, ẹ béèrè, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ dúlà sínú fáìlì yín. Ẹ béèrè ti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́tọ̀, torí pé níbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ ti pinnu nílé ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa dúró níta. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà Kòrónà, gómìnà Andrew Cuomo pàṣẹ pé kí wọ́n gba dúlà wọlé láfikún sí ẹnì kan tí aboyún mú dání, ṣùgbọ́n àṣẹ ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn nìyẹn, ẹ má fi gbẹ́kẹ̀ lé lónìí.

Ọkọ ni mí. Kí ni màá wá ṣe níbẹ̀?

Ẹ máa di ọwọ́ ìyàwó yín mú. Dúlà á fi ibi tí ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ hàn yín, á sì jẹ́ kí ẹ lè lọ jẹun láìjẹ́ pé ìyàwó yín ṣẹ́ kù òun nìkan.

Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá mi wẹ ọmọ. Ṣé mo tún nílò dúlà?

Ẹ nílò àwọn méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pàdé kí ọmọ tó dé. Ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ tó ń mú ara padà sípò, àti bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ sùn. Dúlà mọ ohun tí dókítà ọmọ níhìn-ín máa béèrè. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń kọlu ara wọn kò ju mélòó kan lọ. Fífi aṣọ olómi gbígbóná tẹ ikùn: tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i, kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Jíjókòó sínú omi gbígbóná: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára fún ojú ọgbẹ́, omi tó ń hó lè jó awọ ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Ìwọ́ ọmọ: ẹ fi sílẹ̀ gbẹrẹfu kó gbẹ, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Omi fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: rárá, bí ooru bá tilẹ̀ mú. Oorun: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ní ikùn. Àgbo: ẹ sọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà, pàápàá tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tí dúlà bá bá ìyá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé wí, kò sí èyí tó máa gbà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dúlà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Àwọn àmì wo ni kò gbọ́dọ̀ dúró de àbẹ̀wò dúlà?

Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ tàbí tó ń le sí i. Ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí iná wínníwínní. Ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì. Àìlèmí dáadáa, àyà dídùn. Ibà tó dé 38°C. Inú rírun líle. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó pọ́n, tó ń dùn. Ọmọ inú tí kò yí bó ṣe máa ń yí mọ́. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ tó kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó tó ẹyin. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ àìlèmí, àyà dídùn, gìrì tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, 911 ni. Ẹ sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí yín pé ẹ lóyún, tàbí pé ẹ bímọ láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè tọ́jú yín bí ẹni tí orí kàn ń fọ́ lásán.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kò parí nígbà tí ibi bá jáde. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ fún ẹni tí kò ní in rí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún gbọ́dọ̀ padà lọ wọ̀n ọ́n láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, tó bá le gan-an, láàárín wákàtí 72. Ní ilé, 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Dúlà kò ní tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò pè láti béèrè pé: “Ẹ ti wọ̀n ọ́n?”

Tí ọkàn bá wúwo, tí ẹkún kò tán, tí ẹ bá ń ronú láti pa ara yín tàbí ọmọ lára, kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. 1-833-852-6262 ni ìlà ìjọba àpapọ̀ fún ìyá ọlọ́mọ àti aboyún, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni.

Tí oyún bá bàjẹ́, tàbí ọmọ kò wá láàyè ńkọ́?

Medicaid ṣì ń sanwó. Àwọn àbẹ̀wò tó bá kù wà fún yín títí di oṣù 12. Ẹ pe dúlà yín bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì yín láìní kí ẹ má sunkún.

Kí nìdí tí ìjọba fi ń náwó sí i?

Nítorí ikú tó yẹ kí wọ́n lè dènà. Ní 2023, nínú ọmọ 100,000 tí wọ́n bí láàyè ní Amẹ́ríkà, ìyá 18.6 ló kú. Láàárín àwọn obìnrin dúdú, ó jẹ́ 50.3, láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 14.5. Ìwé ẹ̀rí àti owó kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo obìnrin dúdú lórí èyí. Ní ti pé dúlà ń ṣiṣẹ́, àgbéyẹ̀wò kan tó jáde ní 2017 kó ìwádìí 26 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó lé ní 15,000: àwọn tí ẹnì kan dúró tì láìkúrò nígbà ìrọbí bímọ fúnra wọn jù, iṣẹ́ abẹ wọn dín kù, ìrọbí wọn sì kúrú díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé New Jersey, àbúrò mi wà ní California. Ṣé wọ́n ní irú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. New Jersey bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021, California ní oṣù Kìíní 2023. Minnesota ti wà lórí rẹ̀ láti 2014. Iye àbẹ̀wò àti owó yàtọ̀ síra, dúlà tó forúkọ sílẹ̀ ní New Jersey nìkan kì í sì í gba owó Medicaid New York, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afárá kan péré ló là wọ́n. Ẹni tó bá ń kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nígbà oyún á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n ráyè lọ rí dókítà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní New York ní wákàtí 20 tí wọ́n á sanwó rẹ̀ fún ìtọ́jú oyún. Kò sí lára ìsinmi àìsàn yín, kò sì sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ lè gbà á ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ di dúlà Medicaid fúnra mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ẹ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú àgbà àti ọmọ ọwọ́ mí padà, ẹ kọ́ òfin àṣírí aláìsàn. Ẹ gba NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medicaid ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó sì máa ń gba sùúrù jù nìyẹn. Ẹ máa kọ ọjọ́, aago tí ẹ dé, àti aago tí ẹ kúrò lẹ́yìn àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 30 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò tí owó bá falẹ̀.